Agbára tó kúrò lára ewé, ibo ló gbà lọ?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí. Ọdún kẹta rèé tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 13 ní ẹ̀wọ̀n oúnjẹ. Mo ya á sójú pátákó bí gbogbo wa ṣe ń yà á: koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àṣá. Mo ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Wọ́n há a sórí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n gba máàkì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá bi wọ́n pé nínú àwọn márààrún, èwo ló ní agbára jù. Gbogbo kíláàsì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Àṣá!" Mo bi wọ́n pé ibo ni ìdá mẹ́sàn-án tó kù lọ. Ẹnìkan ní ó sọnù. Òmíràn ní ó padà sínú ilẹ̀ kí koríko lè tún un lò. Ẹ̀kẹta ní oòrùn ló gbà á padà. Ọ̀gá tí a jọ ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí wọ́n ń yege. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ ni, àbí iṣẹ́ yìí ló le?

* * *

Kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò ló ń kọ́kọ́ tàn wọ́n jẹ.

Ẹ wo ohun tí agbára jẹ́ lẹ́nu ọmọdé kó tó wọ kíláàsì yín. Alágbára ni ẹni tó gbé ẹrù tí ẹlòmíì ò lè gbé. Alágbára ni ẹni tó lù ọ́ tí o ò lè lù padà. Ẹ wá to ẹ̀dá márùn-ún síwájú ọmọ yìí, ẹ ní kó mú èyí tó ní agbára jù. Kí lẹ fẹ́ kó mú? Koríko kẹ̀? Koríko tí gbogbo ayé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀! Ìbéèrè tí ẹ bi í ló dáhùn, kì í ṣe èyí tó wà lọ́kàn yín.

Mo rí i pé àwọn kan ti ní ká máa pè é ní "okun", torí pé okun ni oúnjẹ ń fúnni, ẹni tí ebi ń pa ló sì ń ní okun ti tán nínú òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, èmi náà lò ó fún odindi ọdún kan. Ó bá tata mu, ó bá ọ̀pọ̀lọ́ mu. Ìgbà tí mo dé orí ìtànṣán oòrùn àti iná mànàmáná ló já mi jù sílẹ̀. Ta ló gbọ́ okun iná rí? Mo padà sí agbára, ṣùgbọ́n mi ò kí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwòrán ẹranko mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń di koríko gbígbẹ bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, mo fi wáyà gbé agolo omi tíntín sókè, mo ṣáná sí koríko náà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kan di tẹmómítà mú, ó ń pe iye tó ń gùn sókè sétí gbogbo kíláàsì. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí koríko ti di eérú. Mo wá bi wọ́n pé ohun tó mú omi yìí gbóná, ibo ló wà ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn? Wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á máa wo eérú. Ẹni tó bá rí i pé inú koríko ló wà kò ní pe koríko ní aláìlágbára mọ́. Ọ̀rọ̀ àṣá á tó kàn nígbà tó bá yá.

* * *

Mẹ́ta nínú yín ti sọ pé ká má fi ọ̀rọ̀ ọfà, ìyẹn ìlà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí à ń yà láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dá kan sí èkejì nínú ẹ̀wọ̀n oúnjẹ, dá ara wa lágara, pé kí ọmọ ṣáà ti mọ ẹni tó jẹ ẹni. Ẹ má bínú, mi ò gbà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ya ẹ̀wọ̀n oúnjẹ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìyẹ́ àṣá hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ara ejò rí wínníwínní. Àmọ́ gbogbo ọfà rẹ̀ ló yí padà: láti ọ̀dọ̀ àṣá sí ejò, láti ọ̀dọ̀ ejò sí ọ̀pọ̀lọ́. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ tata tiẹ̀ gún un níkùn ni, ó fi bírò pupa kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Mo fagi lé e. Ó gbé ìwé náà wá bá mi lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń ta ọfà, ọdẹ ni àbí ẹran?"

Mo wo ìwé, mo wo ọmọ. Òótọ́ ló sọ. Lédè wa, ibi tí ọfà bá dorí kọ ni ikú wà. Ìwé wa sì ń sọ pé ibi tí ọfà bá dorí kọ ni oúnjẹ wọ̀. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń fagi lé àwọn tó mọ èdè wọn dáadáa? Mo fún un ní máàkì ìdajì lọ́jọ́ yẹn kí n lè ráàyè ronú, ó sì yẹ kí n fún un ní gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò pe nǹkan yẹn ní ọfà mọ́. Àmì ìtọ́ka ni mò ń pè é, mo sì máa ń ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sórí rẹ̀: "di". Koríko di tata. Tata di ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ di ejò. Tí ọmọ bá yí i padà, kò ní í pẹ́ kó ka "àṣá di ejò" jáde, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á sì pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́ létí ara rẹ̀ kì í padà wá bọ̀rọ̀.

Ẹni tó sì ní "ẹ̀wọ̀n" fúnra rẹ̀ ò dára, pé àwọ̀n ni oúnjẹ inú ayé, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n: ẹ jàre. Àṣá ń jẹ eku, ó ń jẹ alángbá, ejò ń jẹ ẹyin ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ ìlà kan dé òpin kí ẹ tó fi àwọ̀n dì wọ́n.

* * *

Eré omi. Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀, ó tó èèyàn mẹ́fà tó ti dárúkọ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò ṣe é rí: ọmọ márùn-ún á tò. Lítà omi kan, ìyẹn mílílítà 1,000, wà lọ́wọ́ koríko. Tata gba 100, ọ̀pọ̀lọ́ gba 10, ejò gba 1. Ohun tó kan àṣá ni ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà kan, ẹ̀kán omi méjì. Ọmọkùnrin tó ṣe àṣá ní kíláàsì mi na àtẹ́lẹwọ́, mo kán an sí i. Ó wò ó títí, ó wá gbójú sókè: "Èyí ni kí n fi fò?" Kò sí ohun tí mo fẹnu sọ ní sáà yẹn tó wọ̀ wọ́n lára tó ìyẹn.

Nítorí náà, mi ò bá eré náà jà. Ohun tí mò ń bá jà ni 900 tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dà á sí kọ̀rọ̀ kan, tàbí ká jẹ́ kó ṣàn lọ sábẹ́ àga. Ohun tí ojú ọmọ sì rí ló máa gbà gbọ́: agbára ń dà nù bí omi, torí pé ẹni tó gbé e kò fọwọ́ ṣọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè, ẹni tó sọ fún yín pé "ó sọnù" kò parọ́, bóyá eré omi ló ti kọ́ ọ.

Ẹ gbé abọ́ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ti ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ: gbòǹgbò, egungun, ìyẹ́, koríko tó gbẹ kí tata tó kàn án. Èkejì ni ti ohun tó jẹ tó sì yà jáde. Ẹ̀kẹta ni ti ooru, ìyẹn ohun tó jó nínú ara rẹ̀ kó tó lè fò, kó tó lè mí, kó tó lè sá fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kí ọmọ tó fi nǹkan lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, ó ní láti pín tọwọ́ rẹ̀ sínú àwọn abọ́ náà, kó sì sọ ìdí. Wọ́n á jà lórí iye tó yẹ kó lọ sí ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà. Àwọn tí ẹ fi ṣe ìdin, ekòló, olú àti bakitéríà á wá kó abọ́ kìíní àti ìkejì lọ, torí oúnjẹ tiwọn nìyẹn. Àwọn náà á ní abọ́ ooru tiwọn. Tí eré bá parí, ẹ kó gbogbo abọ́ ooru pọ̀ sínú garawa kan: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà kan tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kan tó sọnù. Ó kàn wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ẹni tó ní ìṣẹ́jú 40 ò tó fún un, òótọ́ ni. Ìgbà méjì ni mo fi ń ṣe é. Mo gé ẹ̀kọ́ mìíràn kù fún un, mi ò sì kábàámọ̀.

* * *

Ẹni tó ní ká kàn fi fídíò hàn wọ́n: fídíò dára, ẹ lò ó tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí fídíò tí ọmọ ti na ọwọ́ gba ẹ̀kán omi méjì.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá wá kù. Ẹni kan kọ̀wé gidigidi pé òfin ni, pé ẹni tó bá kọ ohun mìíràn yóò fìdí rẹmi.

Nínú ìdánwò, mo gbà. Nínú adágún, rárá. Raymond Lindeman, ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ìṣirò yìí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀, fi ọdún mélòó kan wádìí adágún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cedar Bog Lake ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1942, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó kú. Kò tíì pé ọmọ ọdún 27. Iye tí òun fúnra rẹ̀ rí ni 13.3 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ ewéko dé ọ̀dọ̀ ajewéko, àti 22.3 láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ajẹran. Baba ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò rí mẹ́wàá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún kíláàsì ni ti Howard Odum, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ẹni tó ka gbogbo rẹ̀ ní orísun omi Silver Springs ní Florida, tó sì gbé e jáde ní 1957. Ewéko inú omi náà ṣe agbára 20,810 kìlókálórì lọ́dún kan fún gbogbo ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Ajewéko rí 3,368 gbà níbẹ̀. Àwọn tó ń jẹ wọ́n rí 383. Àwọn tó wà lórí gbogbo wọn rí 21. Mo kọ iye mẹ́rin yìí sójú pátákó, mi ò sọ nǹkan kan nípa mẹ́wàá, mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọ́n á rí bíi 16, lẹ́yìn náà 11, lẹ́yìn náà 5 àti ààbọ̀. Ọmọ tó ti ka ìwé ṣáájú á ní òun ti ṣì í ṣe. Mo á ní kò ṣì í, kó tún un ṣe. Ibi tó bá ti tún un ṣe tó sì rí nǹkan kan náà ni mo ti ń sọ fún wọn pé mẹ́wàá jẹ́ àfojúdá tó wúlò, bí ẹni tó ní ọ̀nà náà ò ju wákàtí kan lọ.

Kí ló ń mú un yàtọ̀? Ẹni tó ń jẹ ni. Ẹyẹ àti ẹran tí ara wọn máa ń gbóná nígbà gbogbo ń jó bíi 97 tàbí 98 nínú gbogbo 100 tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ara wọn má bàa tutù. Ohun tó kù tí wọ́n fi ń sanra tàbí tí wọ́n fi ń bímọ kò ju 2 tàbí 3 lọ. Kòkòrò ò ní irú wàhálà yẹn, oòrùn ló ń yá a gbóná, ó sì lè fi tó 40 nínú 100 kọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà tata ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́. Àṣá ń jó tiẹ̀ tán.

* * *

Mo ní àtúnṣe kan láti ṣe, ẹ ṣé o. Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti bi mí pé kí ló dé tí mo fi 20,810 ṣe ìṣirò, nígbà tó jẹ́ pé ewéko náà ti jẹ nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó tọ̀nà, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ewé náà ń mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀, olùkọ́ mìíràn náà ò rántí. Nínú 20,810 yẹn, ewéko Silver Springs fúnra wọn jó 11,977, ó ju ìdajì lọ. 8,833 ló kù tó di ewé àti gbòǹgbò tí ẹnu lè bà. Tí ẹ bá fi 3,368 ti ajewéko pín lórí 8,833, ẹ máa rí bíi 38 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe 16. Orísun omi kan náà ni, ẹran kan náà ni, ìdáhùn méjì tó jìnnà síra bẹ́ẹ̀. Èmi ń fi ohun tó wọlé sọ́dọ̀ ẹnìkan pín lórí ohun tó wọlé sọ́dọ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, kí ìṣirò lè ṣe déédéé láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má mú ọ̀kan lówùúrọ̀ kí ẹ mú ìkejì lọ́sàn-án.

* * *

Ẹni tó bi mí bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀wọ̀n oúnjẹ kì í fi gùn: bẹ́ẹ̀ ni, torí ìyẹn náà ni. Ẹ ti rí ẹ̀kán omi méjì. Ẹ̀dá tó bá fẹ́ fi àṣá nìkan ṣe oúnjẹ, ẹ̀kán wo ló fẹ́ mu? Ibi kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń parí sí. Àwọn ọmọ tó sì rò pé ẹran ńlá ló gbọ́dọ̀ wà lókè, ẹ bi wọ́n ní ti erin. Ewé ló ń jẹ. Ẹ bi wọ́n ní ti àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù, ẹranko tó tóbi jù nínú gbogbo ẹranko: kríìlì ló ń jẹ, nǹkan bí edé tí kò gùn ju ìka lọ, kríìlì sì ń jẹ ewéko àìfojúrí inú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ní ara ńlá kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọmọ kejì nínú ìbéèrè, èyí tó ní agbára padà sínú ilẹ̀ kí koríko lè tún un lò. Èyí ni àṣìṣe tó gbó jù nínú gbogbo wọn, mo sì rí i pé méjì nínú ẹ̀yin tó ń dáhùn náà ṣe é: "òkú ẹran jẹrà, agbára rẹ̀ di ti ewéko." Rárá o.

Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. Bí òkú bá jẹrà, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti irú wọn ń padà sínú ilẹ̀, gbòǹgbò ń gbé wọn, wọ́n ń yípo láìdúró. Agbára kì í yípo. Àpèjúwe tí mò ń lò ni ilé tó wó. Bíríkì rẹ̀ ṣe é kó jọ, ẹ lè fi mọ ilé mìíràn. Òógùn ẹni tó mọ ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ta ló lè kó o padà? Ẹni tó bá fẹ́ mọ èkejì á tún làágùn tiẹ̀ ni. Gbogbo ewé tó bá hù lónìí, oòrùn òní ló ń sanwó iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ bíríkì àtijọ́ ló fi hù.

Gbòǹgbò àṣìṣe náà sì wà lẹ́yìn: wọ́n rò pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ. Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtijọ́ kan, ti dá a wò kí wọ́n tó bí baba ńlá baba wa. Ó gbin ọ̀pá igi wílò tó wọn pọ́ùn 5 sínú ìkòkò tó gba iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ pọ́ùn 200, omi nìkan ló ń bù sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà ti ju pọ́ùn 169 lọ. Ó sá iyẹ̀pẹ̀ náà gbẹ, ó tún un wọ̀n: áúnsì 2 péré ló dín. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òun pàápàá ṣì í, ó ní omi ló di igi, torí kò mọ̀ pé ewé ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Mo máa ń sọ ìtàn náà dé ibi ìwọ̀n kejì, màá sì dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n méfò iye tí iyẹ̀pẹ̀ dín. Ẹni tó bá ní "pọ́ùn 100" á yanu sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan abọ́ kẹta, ẹ kó ewé tútù àti koríko tuntun jọ sẹ́yìn kíláàsì kó ga dé àyà ọmọ, ẹ wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àárín rẹ̀ lè gbóná dé 60°C. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó ṣáná síbẹ̀. Bakitéríà àti olú tó ń jẹ òkú ewé ló ń mí. Ẹ bi wọ́n pé ewé wo ló fẹ́ fi ooru yẹn hù.

* * *

Ẹni tó ní òun fẹ́ fi òkun dójú tì mí, pé níbẹ̀ ẹran tó ń jẹ ewéko wúwo ju ewéko fúnra rẹ̀ lọ, ẹ káàbọ̀. Òótọ́ ni pé nínú omi òkun tó wà láàárín England àti Faransé, wọ́n wọn ewéko àìfojúrí, ó jẹ́ gíráàmù 4 fún mítà kan níbùú lóòró, àwọn ẹran wínníwínní tó ń jẹ ẹ́ sì jẹ́ 21. Píramídì, ìyẹn àwòrán tí a fi ń to àwọn ìpele náà léra, ewéko nísàlẹ̀, ajẹran lókè, wá dorí kodò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n ní ọjọ́ kan ni ìyẹn. Ewéko yẹn ń bí sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń hù. Abọ́ kékeré tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí léraléra lè bọ́ ilé ńlá. Ẹ ka ohun tó ṣe lọ́dún kan, píramídì á dìde dúró. Ti agbára kì í dorí kodò.

* * *

Májèlé tí ẹnìkan béèrè nípa rẹ̀, kúkúrú ni màá sọ ọ́: DDT, oògùn apakòkòrò, ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń gòkè nínú ẹ̀wọ̀n torí pé ara ò lè jó o. Ọ̀rá ń gbà á mọ́ra. Àṣá jẹ ejò, ó jó agbára rẹ̀, májèlé dúró. Lókè pátápátá ni èèpo ẹyin ẹyẹ ti ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Amẹ́ríkà fòfin de lílò rẹ̀ lóko ní 1972. Ẹ lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ abọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á sọ pé agbára náà ń pọ̀ lókè.

Àti ẹni tó ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀wọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oòrùn, ẹ jàre. Ní 1977 wọ́n rí ihò omi gbígbóná nísàlẹ̀ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Galápagos, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, tí bakitéríà ń fi gáàsì onísúfúrù ṣe oúnjẹ fún aràn àti akàn. Ẹ fi pamọ́ fún ọmọ tó bá béèrè.

* * *

Ẹni tó bi ìbéèrè àkọ́kọ́ ti padà:

Mo ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, abọ́ mẹ́ta, garawa, gbogbo rẹ̀. Wọ́n da omi sí ẹsẹ̀ mi. Mo tún bi wọ́n pé èwo ló ní agbára jù. Ìdajì ní koríko, ìdajì ṣì ní àṣá, wọ́n wá ń bá ara wọn jà, èmi ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fẹ́ jáde, ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ní: "Ma, kíláàsì yìí gbóná. Ṣé oòrùn tó wà nínú wa ni?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, mo ní kó dúró di Ọjọ́ Ajé.

* * *

Ẹ má dúró di Ọjọ́ Ajé, tí ẹ bá rí i lọ́nà ẹ dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru jáde tó bíi wáàtì 100, bíi gílóòbù àtijọ́ kan. Ọmọdé kéré díẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá jẹ́ 40 nínú yàrá kan, ẹ ṣírò ohun tó ń jó níbẹ̀. Oòrùn oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni, ewé ló kọ́kọ́ gbà á.

Ó máa tún bi yín pé tí ẹ bá ṣí fèrèsé, ibo ló ń lọ. Ẹ sọ fún un pé ó ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́, láti ibẹ̀ ó ń gòkè, ó ń fi ayé sílẹ̀ pátápátá sínú òfuurufú, kò sì ní padà wá. Kó wò ó ní òru tí kò sí ìkúùkù kankan lójú sánmà, tí òtútù ń mú ju ti àná lọ. Òun ló ń lọ yẹn.